Ọ̀nà Igbó Tí Ó Lọ Sí Omi Olúmirin

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun

Ìbà Olódùmarè. Ìbà àwọn òrìṣà tí ń bẹ lókè àti lódò. Ìbà ẹ̀yin ìyá wa, ìbà ẹ̀yin bàbá wa. Ìbà onílẹ̀ tí ó ni ibi tí mo dúró sí yìí. Kí ìbà mi ó ṣẹ.

   Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìbà wẹ ọwọ́ mi kí n tó la ẹnu níwájú yín.

Iṣẹ́ tí ẹ fi rán mi ni pé kí n ròyìn ìrìn tí àwa mọ́kànlá nínú ẹgbẹ́ yìí rìn lọ sí omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ṣùgbọ́n ìròyìn nìkan kọ́ ni mo fẹ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀nà náà kọ́ wa, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò: igbó tí a gbà kọjá kí a tó dé ibi omi, ara omi náà ni. Ẹni tí ó bá ń bọ omi, tí kò sì bìkítà fún igbó, òrìṣà ni ó ń bọ ní ìdajì, ìdajì kejì ni ó fi ń wó ilé òrìṣà náà lé e lórí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìlú náà wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò jìnnà sí òpópónà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Òkè gbọọrọ kan ni ó ṣíji bo ìlú. Ní ìhà kejì òkè náà ni ilẹ̀ Èkìtì wà, níbi tí Ẹ̀fọ̀n Aláayè tẹ̀dó sí. Láti orí òkè yìí ni omi Olúmirin ti ń já bọ̀, láti àpáta sí àpáta, ní ìpele méje. Ìpele kìíní ni ọ̀pọ̀ àlejò mọ̀. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ṣe àtẹ̀gùn lọ síbẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ kò bá dùn kò ní pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń lúwẹ̀ẹ́, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò, ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú wọn sì ti ń yíjú padà. Àwọn ìpele òkè ni igbó fi pamọ́.

Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ. Ìtàn tí àwọn ará ìlú jogún sọ pé obìnrin ni ó tẹ Ẹ̀rìn dó. Akínlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ Odùduwà ni wọ́n sì pè é. Wọ́n ní nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí, ni wọ́n kan omi yìí nínú igbó. Ọdún 1140 ni a máa ń kọ mọ́ ìtàn náà. Ìtumọ̀ tí wọ́n sì fún Olúmirin ni “olú mìíràn”.

Ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ yẹn. Àwọn tí wọ́n ń ti Ifẹ̀ bọ̀ kì í ṣe aláìlórìṣà. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bọ, wọ́n sì gbé e dání. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ bí ibẹ̀ ti ń bú ramúramù, tí wọ́n rí funfun rẹ̀ láàrin igi, wọn kò sọ pé àwọn rí omi. Wọ́n sọ pé àwọn bá ẹnìkan níbẹ̀. Wọn kò rò pé nítorí pé àwọn ní òrìṣà tiwọn, ibi tí àwọn dé gbọ́dọ̀ ṣófo. Wọ́n mọ̀ pé igbó tí ènìyàn kò gbé rí kì í ṣe igbó tí kò ní olúwa. Orúkọ náà ìkíni ni. Ẹni tí ó bá pe Olúmirin ní orúkọ rẹ̀ ń tún ìkíni Akínlá kí ni, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìparí oṣù Kọkànlá ni a lọ, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé. A kì í wọ ilé onílé láìkàgò. Nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìlú ni a kọ́kọ́ yà sí ní àfẹ̀mọ́jú. A sọ ẹni tí a jẹ́ àti ohun tí a bá wá. Wọ́n fi wá lé bàbá ọdẹ kan lọ́wọ́, àgbàlagbà tí ó ti ń rin òkè náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹrù wa kò pọ̀: obì, orógbó, oyin, omi tútù nínú akèrègbè, àti ẹ̀kọ tí a fi ewé dì.

Ní ìdí òkè, bàbá ọdẹ dá wa dúró, ó sì ka òfin ọ̀nà fún wa. Kí a pa ohùn fóònù. Kí ẹnikẹ́ni má súfèé. Kí a má pe orúkọ ara wa sókè nínú igbó. Bí a bá fẹ́ pe ẹnìkan, kí a pàtẹ́wọ́. Kí a má já ewé láìtọrọ rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá rẹ̀ sọ pé ó rẹ òun. Lẹ́yìn náà ni ó da omi sílẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ilẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, ó sì ṣíwájú.

Ìpele kìíní kò pẹ́ wa. Omi ti ń ta sí wa lójú kí a tó rí i tán. Lẹ́yìn tí a kí i, a fi àtẹ̀gùn sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Láti ibẹ̀ lọ, gbòǹgbò igi ni àtẹ̀gùn, gbòǹgbò igi náà ni ohun tí a ń dì mú. Ilẹ̀ yọ̀, àpáta sì lómi lára. Ní ibòmíràn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a fi gùn ún bí ọmọdé tí ń rákò. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí ọ̀nà ti ń yí, ohùn omi a pòórá pátápátá, igbó a dákẹ́ tóbẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Nígbà tí a bá wá gbún igun òkè kan, a tún gbọ́ ọ, á sì dà bí ẹni pé òun ni ó ń wá wa kiri. Báyìí ni a ṣe dé ìpele kejì, tí a dé ìkẹta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Òmíràn fẹ̀ bí aṣọ tí a sá sórí àpáta. Òmíràn tín-ín-rín, ó já sínú kòtò dúdú tí a kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpele kẹta, ó rẹ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin wa. Ó jókòó lórí gbòǹgbò, ó sì bi bàbá ọdẹ léèrè pé kí ló dé tí ìjọba kò ṣe àtẹ̀gùn náà dé òkè. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, ilé tó ní pálọ̀ ní ìyẹ̀wù. Pálọ̀ la ti ń gba àlejò. Bí gbogbo èrò ọjà bá lè wọ ìyẹ̀wù, níbo ni onílé yóò sùn sí?” Ó wá fún un ní ọwọ́, ó ní, “Dìde. Ẹsẹ̀ ni kí o wò, má wo òkè.” A kò tún gbọ́ ìráhùn kankan mọ́.

Bí a ti ń lọ ni bàbá ń fi ewé hàn wá. Rinrin ni ó kọ́kọ́ nàka sí, tí ó hù tútù lẹ́bàá àpáta ibi tí omi ti ń kán sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe omi ẹ̀rọ̀ mọ rinrin, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti rí i níbi tí ó gbé ń gbé, yàtọ̀ sí orí àtẹ lọ́jà? Ó hù síbi tí ó tutù nítorí pé òun fúnra rẹ̀ tutù. Ẹni tí ó bá rí i níbẹ̀ kò nílò kí a máa ṣàlàyé fún un pẹ́ kí ó tó mọ ìdí tí a fi ń pè é sí ọ̀rọ̀ ìtura. Ó fi akòko hàn wá, ó fi pèrègún tí ó jẹ́ ààlà hàn wá. Nígbà tí ó bi àwọn ọ̀dọ́ wa ní orúkọ àwọn igi tí ó yí wa ká, ohùn wọn kò jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Èmi kò bá wọn wí. Ta ni ó mú wọn wọ igbó rí? Orúkọ ewé nínú ìwé dára, ṣùgbọ́n ewé kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọ lójú wa lójijì. Ẹ̀rọ ìgégi ti kọjá níbẹ̀. Kùkùté igi ńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún wà níbẹ̀, àjákù pákó wà nílẹ̀, koríko sì ti ń gba ibẹ̀. Bàbá ọdẹ kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí a bẹ̀rẹ̀ kí a fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ náà gbẹ, ó lè bí ìkòkò, eruku rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó wá kó wa padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ bí ogún, sábẹ́ igi, ó tún ní kí a ká ewé gbígbẹ kúrò kí a fi ọwọ́ kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ náà tutù, ó rọ̀, omi wà nínú rẹ̀. Òjò kan náà ni ó rọ̀ sí ibi méjèèjì. Oòrùn kan náà ni ó ràn sí wọn. Bàbá ní, “Ibi tí omi tí ẹ wá kí ń gbé nìyẹn. Òkè tí ẹ rí i tí ó ti ń já, ibẹ̀ ló kàn ti ń jáde síta.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nínú gbogbo ohun tí a gbọ́ ní ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí ni ó wọ̀ mí lára jù. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí igbó, ewé òkè ni ó kọ́kọ́ gbà á, tí ó tú agbára rẹ̀ ká. Lẹ́yìn náà ni ó ń kán sórí ewé gbígbẹ tí ó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Gbòǹgbò ti la ilẹ̀ sílẹ̀ fún un, á wọlé, á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀ àti nínú sánsán àpáta. Omi tí a rí ní oṣù Kejì, nígbà tí òjò ti dá fún ìgbà pípẹ́, òjò àná ni, igbó ni ó tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí a ti gé igi rẹ̀, gìrìgìrì ni yóò sáré sísàlẹ̀, á gbé erùpẹ̀ dání, á di ẹ̀kún omi fún àwọn tí ń gbé nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kò sí ohun tí a fi pamọ́. Ìdí nìyí tí odò tí ń kún jù ní òjò ṣe máa ń jẹ́ odò tí ń gbẹ jù ní ẹ̀ẹ̀rùn.

A dé òkè pátápátá nígbà tí oòrùn ti kọjá àtàrí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a bá níbẹ̀, nítorí kì í ṣe ohun tí a rò. A ti ń retí pé ibi tí ó ga jù ni ariwo yóò pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú lókè, atẹ́gùn fẹ́ sí wa, omi tí ń bú nísàlẹ̀ sì ń ṣàn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ láàrin koríko àti àpáta bí ọmọdé tí a rán níṣẹ́ tí kò kánjú. Ibòmíràn wà tí ènìyàn lè fò ó kọjá. Gbogbo ọlá tí àwọn àlejò ń rí nísàlẹ̀, ìwọ̀nba omi kékeré yìí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àárín igbó àti oko ni ó sì ti ń bọ̀. Mo wò ó, mo sì rí i pé kò sí ẹni tí ó lè pa Olúmirin nísàlẹ̀, níbi tí ó ti ní agbára. Òkè ni a ti lè pa á, níbi tí kò ti sí ẹni tí ń wò ó.

A rúbọ níbẹ̀ ní ìwọ̀nba. A fi omi tútù tu omi lójú, a tọ́ oyin, a da obì. Ohun tí obì wí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pèpéle, ṣùgbọ́n kò bá wa jà.

Ẹnìkan bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́yìn ìrìn náà, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ níwájú yín, nítorí ó ń jà nínú ọkàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe pé àwọn bàbá wa kàn fi òrìṣà dẹ́rù bà ènìyàn kí wọ́n má baà gé igbó tó wà ní orísun omi? Ṣé ọgbọ́n kọ́ ni igbó àìwọ̀?” Àwọn tí ń sọ báyìí rò pé àwọn ń yìn wá. Wọ́n ní bàbá wa gbọ́n, wọ́n mọ ìtọ́jú àyíká kí òyìnbó tó dé. Òótọ́ ni pé wọ́n gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìyìn tí ń gba òrìṣà lọ́wọ́ ẹni.

Ìdáhùn mi rèé. Ọgbọ́n nìkan kì í ṣọ́ igbó. Gbogbo ẹni tí ń gégi lónìí ló mọ̀ pé igbó dára. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè sọ ọ́ fún yín. Ìmọ̀ náà kò dá ẹ̀rọ ìgégi dúró. Ohun tí ń dá ọwọ́ ènìyàn dúró ni pé ó mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò kí létí omi, pákó ni yóò rí nígbà tí ó bá wo ìrókò. Akínlá pe omi ní Olú, ó sì wà títí di òní. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó wúlò ni ó pè é, ẹni tí ó bá rí ìwúlò tí ó jù ú lọ ni ìbá ti gbà á. Nítorí náà, a kò níláti yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Òrìṣà wà, igbó sì ni ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún onílé kì í jó ilé.

Àwọn ará wa tí ìgbèkùn gbé kọjá òkun mọ èyí dáadáa. Ní Brazil, nínú Candomblé, ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń bọ Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń pè ní Oxum. Títí di òní ni wọ́n ń sọ ọ́ ní èdè wa pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Ìtàn igbó Tijuca tó wà nínú ìlú Rio de Janeiro gan-an yẹ kí a mọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olóko kọfí ti gé igbó orí òkè náà bọ́ sílẹ̀. Àwọn odò tí ń fún ìlú ní omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, òùngbẹ sì ń gbẹ ìlú. Ní ọdún 1861, ìjọba Ọba Pedro Kejì pàṣẹ pé kí a tún igbó náà gbìn. Ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Manuel Gomes Archer ni wọ́n fi ṣe alábòójútó, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tí a mú lẹ́rú ni ó gbẹ́ ilẹ̀, tí ó ru irúgbìn gòkè, tí ó sì gbìn wọ́n. Igi náà pọ̀ gan-an. Igbó náà padà hù. Láti ọdún 1961 ni ó ti di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Àwọn tí ń wọ inú rẹ̀ lọ bọ Oxum lónìí, lábẹ́ òjìji igi tí ọwọ́ ẹrú gbìn ni wọ́n ń rìn.

Ẹ rò ó wò. Àwọn tí kò ní òmìnira ara wọn gbin igbó fún omi. Àwa tí a wà lórí ilẹ̀ bàbá wa, tí kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀wọ̀n sí wa lẹ́sẹ̀, kí ni àwáwí wa?

Ní ilé pẹ̀lú, àpẹẹrẹ wà. Ní àwọn ọdún 1950, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti ń lọ. Ojúbọ ń di ahoro, a ń gé igi, a ń jí ère gbé. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1950, bá àwọn olórìṣà dúró, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Àdébísí Àkànjí àti Buraimoh Gbadamosi. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n sì fi ara wọn dí ọ̀nà mọ́ agégi. Ní ọdún 1965 ni ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun ìṣẹ̀báyé orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2005 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Hẹ́kítà bí 75 ni igbó náà. Ènìyàn díẹ̀ tí ó mọ ẹni tí ó ń gbé nínú igbó ni ó dáàbò bò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ èyí. A dáàbò bo igbó Òṣogbo, a kò dáàbò bo òkè odò. Ìgẹ̀dẹ̀-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ kí ó tó rìn dé Òṣogbo. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, a ti rí i pé àwọ̀ omi náà ti yí padà, ó pọ́n bí ẹrẹ̀, nítorí àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú àwọn odò tí ń ṣàn sínú Ọ̀ṣun. Wọ́n ti ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má mu omi tí àwọn ìyá wa ń bù fún àgàn àti fún aláìsàn. Ibi tí Arugbá ń gbé igbá lọ mọ́, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ kò mọ́. Ohun kan náà ni Olúmirin sọ fún wa: ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìsàlẹ̀ odò dára, òkè odò ni kí ó lọ ṣọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe gbé nǹkan mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́.

Èkíní, ẹbọ wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: kì í ṣe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ nìkan ni wọ́n ń da ọ̀rá àti ìgò sí ojú omi. Àwọn olùbọ náà ń ṣe é. Ọ̀rá dúdú tí a fi gbé ẹ̀kọ wá, ìgò ọtí, abọ́ ike, wọn kì í ṣe ẹbọ. Òrìṣà kò bèèrè wọn, ilẹ̀ kò lè jẹ wọ́n. Ewé ni àwọn bàbá wa fi ń gbé ẹbọ, nínú igbá ni wọ́n fi ń gbé omi. Àwọn ilé òrìṣà kan ní Rio ti gbà láàrin ara wọn pé orí ewé ni àwọn yóò máa tẹ́ ẹbọ sí nínú igbó dípò abọ́ àti ìgò. Ìwà ìbílẹ̀ wa ni wọ́n padà sí. Ẹ má jẹ́ kí a lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn bí ohun àjèjì.

Èkejì, ìrìn. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa mú àwọn ọmọ wa rin ọ̀nà omi kan lọ́dọọdún, pẹ̀lú àṣẹ àwọn onílẹ̀ àti afọ̀nàhàn tí ó jẹ́ ọmọ ìlú náà, tí a óò sì fún ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ tútù àti ilẹ̀ gbígbẹ. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ kàn án kò ní gbàgbé.

Ẹ̀kẹta, ìmọ̀. Àwọn bíi bàbá ọdẹ yẹn kò pọ̀ mọ́. Orúkọ igi, orúkọ ìyànà, èèwọ̀ àti ìdí èèwọ̀ wà ní orí ahọ́n wọn nìkan. Ẹ jẹ́ kí a jókòó tì wọ́n, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ pé kí a má gbé jáde, kí ó wà nínú ẹgbẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó yẹ kí a fi hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pálọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹ̀wù.

Ẹ̀kẹrin, gbígbìn. Kí olúkúlùkù wa tó bá fẹ́ gba orúkọ olómi nínú ẹgbẹ́ yìí gbin igi ní òkè odò kan, kí ó sì máa bẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi gbó. Ìrókò tí a gbìn lónìí, kì í ṣe àwa ni a óò jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe àwa ni a gbin èyí tí a jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Ẹni tí ó ní òun kò lágbára láti gun òkè, kí ó má banújẹ́. Àwọn ìyá wa tí orúnkún ń dùn kò ní láti dé ìpele keje. Iṣẹ́ wà fún wọn ní ìdí òkè: àwọn ni ó mọ orin omi, àwọn ni ó mọ bí a ti ń kí i. Ẹni tí ó gùn ún láìmọ bí a ti ń kí i, àlejò ni ó ṣì jẹ́ lókè.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí omi má gbẹ lójú wa. Kí igbó má pa rẹ́ ní àsìkò tiwa. Kí Olúmirin máa já bọ̀, kí Ọ̀ṣun tún mọ́ gaara. Kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí bá ẹnìkan níbẹ̀ láti kí nígbà tí wọ́n bá dé. Kí ẹsẹ̀ wa má yọ̀ lójú ọ̀nà, kí ọwọ́ wa má ṣe ohun tí ilẹ̀ kọ̀.

Àṣẹ. Àṣẹ. Àṣẹ.